Àmù Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Ọba

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ sún mọ́ mi. Rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló ní kí ẹ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì? Ẹ jókòó yí mi ká. Gbádégẹṣin, gbé ìdí rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wá dí àlàfo yẹn. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn agbo kò ní gbọ́ orin, ẹni tí kò bá sì gbe orin kò ní jẹ nínú àgbàdo tó ń hó lórí iná yìí. Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti wá róbótó báyìí. Kí lo wí, Kíkẹ́lọmọ? O ní kí n lé ajá kúrò láàárín agbo? Fi Tanímọ̀la sílẹ̀. Àlọ́ tí mo fẹ́ pa yìí, òun gan-an ló ni ín.

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

N kò gbọ́. Àbí ẹ ò jẹun lọ́sàn-án ni? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ o!

Àlọ́ mi yí bìrí, ó yí po ìdí àmù, ó kọsẹ̀ lára Ajá níbi tó sùn sí, ó wá lọ fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ìgbín amọ̀kòkò.

Ní ìgbà kan, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan náà, Erin ni ọba wọn. Odò kan ṣoṣo ló wà ní ìlú ọ̀hún, odò náà kì í sì í dúró de ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ fẹ́ẹ́ báyìí, odò á gbẹ, á ku yanrìn. Ohun tí àwọn àgbà ìlú wá ṣe ni pé wọ́n ní àmù ńlá kan láàárín ìlú. Ẹ má rò pé irú èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi ni mò ń sọ o. Àmù yìí ga tó ilé. Bí o bá dúró ní apá ìhín rẹ̀, o ò lè rí ẹni tó wà lápá ọ̀hún. Òjò ìkẹyìn ọdún ló máa ń kún un, omi inú rẹ̀ sì ni gbogbo ìlú máa ń mu títí òjò mìíràn á fi dé.

Ó di ọjọ́ kan, ìdí ń yún Kábíyèsí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìdí erin jìnnà sí ọwọ́jà rẹ̀? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan. Ó bá fìdí ti àmù, ó ń ha á: fàrà, fàrà, fàrà. Ara tù ú, ojú rẹ̀ ń dì lọ. Ó tún fi agbára díẹ̀ sí i. Gbàgàáà! Àmù fọ́ yángá.

Ta ni yóò bi ọba léèrè? Ẹ̀gà, ẹyẹ aláriwo tó jẹ́ akéde ìlú, fò sórí igi, ó lu agogo. "Gbogbo ará ìlú, ẹ gbọ́ o! Àmù ìlú ti fi ara gbá ìdí Kábíyèsí! Kábíyèsí ní àwọn ti dárí jì í o! Ṣùgbọ́n àmù ti fọ́!" Àwọn ará ìlú wo ojú ara wọn, wọ́n gbé ẹ̀rín mì, wọ́n ní, "Kábíyèsí, ẹ kú orí ire. A dúpẹ́ pé kò ṣe yín léṣe."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín. Òjò ìkẹyìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bí kò bá bá àmù nílẹ̀, òǹgbẹ ni yóò jẹ wọ́n run. Ẹni tí ẹ̀rù sì ń bà jù lọ ni Ìyá Ìgbín. Ẹ̀yin náà mọ ìgbín: bí ara rẹ̀ bá ti gbẹ, ó parí. Àwọn yòókù lè rìn lọ wá omi ní ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n kí ìgbín tó rìn débẹ̀, ọyẹ́ méjì á ti fẹ́ kọjá lórí rẹ̀.

Ìyá Ìgbín yìí kan náà sì ni àgbà amọ̀kòkò ìlú. Òun ló mọ àmù àkọ́kọ́ nígbà tó wà lọ́mọge. Wọ́n kó ara wọn lọ bá a, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ gbà wá o."

Ìyá Ìgbín yọ ìwo rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "N ó mọ ọ́n, torí ẹ̀mí èmi náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. A kì í jókòó mọ ìkòkò. Ìkòkò ló ń jókòó, amọ̀kòkò ló ń rìn. A ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó fẹ̀yìn rìn, ojú wa kò ní kúrò lára amọ̀, a ó máa yí i po títí yóò fi róbótó. Èmi kúrú. Ìdí àmù ni ọwọ́ mi lè dé. Ẹ wá ẹnì kan tó ga fún mi, tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí yóò máa mọ òkè bí mo ṣe ń mọ ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ méje ni."

Kábíyèsí ní, "Ẹni tó bá ṣe é, ìlú ni yóò máa bọ́ ọ fún ọjọ́ méje. Iyán láàárọ̀, iyán lálẹ́, ẹja gbígbẹ tó tó apá mi lórí ẹ̀."

Níbo ni Ajá wà ní gbogbo àsìkò yìí? Ó ń sùn ni! Ní ayé ìgbà náà, Ajá kì í ṣòpò kó tó sùn. Ibi tí oorun bá ti bá a, gbì! ibẹ̀ ló máa ṣubú sí. Ó lè ṣubú sójú ọ̀nà. Ó lè ṣubú sínú agbada ẹlẹ́kọ. Lọ́jọ́ náà, etí rẹ̀ kan ń sùn, ìkejì gbọ́ "ẹja". Ó fò dìde.

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́! Ta ló tún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju èmi Ajá lọ? Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo ní, kò sí èyí tó ya ọ̀lẹ níbẹ̀!"

Ìyá Ìgbín wò ó láti orí dé ìrù. "Ajá, ọmọ mi, ṣé o lè rìn?"

"Ìyá, ìrìn ló pa bàbá mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ajá jẹ iyán, ó jẹ ẹja, ó lá àwo. Ìyá Ìgbín fi amọ̀ tẹ́ ìdí àmù, ó yí amọ̀ gígùn bí okùn, ó fi lé Ajá léjìká. Ó ní kí ó máa fẹ̀yìn rìn, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu àmù díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ń yí po, wọ́n ń kọrin. Ẹ̀yin, "Róbótó" ni kí ẹ máa gbè fún mi. Kí ohùn yín dùn ún gbọ́ o.

Yí i po, yí i po, amọ̀kòkò —
— Róbótó!
Má jókòó sójú kan, amọ̀kòkò —
— Róbótó!
Oòrùn yí po, ó relé —
— Róbótó!
Òṣùpá yí po, ó kún —
— Róbótó!
Ẹ̀gà yí po, ó kọ́lé —
— Róbótó!
Ẹni bá yí po ni yóò mu —
— Róbótó, àmù mi, róbótó!

Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ìbàdí mi tí ẹ ń gbọ́ tó ń ró kẹ̀kẹ̀ yìí, ogójì ọdún ni mo fi fẹ̀yìn rìn yí ìkòkò po ní ẹ̀yìnkùlé yín yìí. Bí ẹ bá kó gbogbo ìrìn náà jọ, mo ti fẹ̀yìn rìn dé Mẹ́kà, mo sì ti bọ̀.

Ọjọ́ kìíní, Ajá rìn. Ọjọ́ kejì, orúnkún ń dùn ún. Lọ́jọ́ kẹta ó dúró, ó rò ó. Ó yọjú wo apá ọ̀hún, kò rí Ìyá Ìgbín. Ó ní, "Háà! Bí n kò bá rí i, òun náà ò rí mi nìyẹn. Ta ni mo wá ń rìn fún?" Ìyá Ìgbín kì í yára, ẹ mọ̀. Kó tó yí àmù po lẹ́ẹ̀kan, òwúrọ̀ ti di ọ̀sán. Ìwo rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ yọ kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ.

Ni Ajá bá jókòó. Ó rọ gbogbo amọ̀ rẹ̀ sójú kan tó jókòó sí, ó ń fi ọwọ́ gbá a: pàtì, pàtì. Bó bá ti rí ìwo méjì tó ń yọ bọ̀ wá, á dìde fùú, á lọ fara pamọ́ sápá kejì títí Ìyá á fi kọjá, á sì padà síbi amọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ní òwúrọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìrìn rẹ̀ lóòjọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò jókòó o! Á pariwo orin kíkan, á tún rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ti rìn jìnnà, á tún pariwo bí ẹni tó ti yí po padà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é bí Ajá ṣe ṣe é. Bí mo bá pariwo, ẹ pariwo. Bí mo bá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ẹ̀yin náà ẹ rọra.

YÍ I PO, YÍ I PO, AMỌ̀KÒKÒ —
— RÓBÓTÓ!
mo jókòó jẹ́ẹ́ ní tèmi —
— róbótó!
MO Ń RÌN, Ó Ń RẸ̀ MÍ O —
— RÓBÓTÓ!
irọ́ ni mò ń pa —
— róbótó!

Kíkẹ́lọmọ, o ti mọ̀ ọ́n jù. Ẹ̀rù rẹ ń bà mí.

Lọ́jọ́ kan Ìyá Ìgbín pè é láti apá ọ̀hún. "Ajá o! Kí ló dé tí ohùn rẹ ń ti ojú kan wá?"

"Ìyá, ohùn mi ló gùn! Bí mo bá ti kọ orin níbì kan, ó máa ń pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀!"

Ìyá Ìgbín gbà á gbọ́. Olóòótọ́ kì í tètè rí ẹ̀tàn, torí kò sí nínú tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti mọ apá kan tán, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí oòrùn má baà là á, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ará ìlú rí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i láti òkè. Ẹ̀gà ni. Ó bà sórí ẹ̀ka, ó ní, "Ajá, mo rí ọ o! Apá kan àmù yìí yọ ikùn, apá kejì pẹlẹbẹ! N ó kéde rẹ!"

Ajá ò jiyàn. Ó bu iyán sí i lẹ́nu. Ẹ̀gà ń gbé e mì, kò lè sọ̀rọ̀. Bó ṣe gbé e mì tán tó la ẹnu, Ajá tún bu òmíràn sí i. Títí ọjọ́ méje fi pé, ẹnu Ẹ̀gà kò ṣófo. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìlú máa sinmi lọ́wọ́ ariwo, wọ́n tiẹ̀ ń bi ara wọn bóyá ara akéde ò yá ni.

Wọ́n kó igi gbígbẹ àti koríko bo àmù, wọ́n sun ún mọ́jú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbọ́n eérú kúrò. Yéè! Ẹ̀yin ọmọ mi, ìdí àmù róbótó bí oṣù tó kún, torí iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Ìgbín ni. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ sókè, àmù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó yọ ikùn sí iwájú, ó fa ẹ̀yìn mọ́nú, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ti ẹni tí eyín ń dùn. Ìyá Ìgbín la ẹnu, kò lè pa á dé.

Ajá kọ́kọ́ fẹ́ sá. Ìgbà tó rí i pé àmù tẹ̀ sí ọ̀kánkán ibi tí ọba jókòó sí, ó bá já sí iwájú. "Kábíyèsí! Ẹ wò ó! Àmù àtijọ́ fi ara gbá yín ní ìdí. Èyí tí mo mọ, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí yín!"

Kábíyèsí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àmù àtijọ́ pẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rárá. Ó mi etí rẹ̀ méjèèjì. "Lóòótọ́ ni. Ó ń kí mi. Pẹ̀lẹ́ o, àmù."

"Kábíyèsí," Ìyá Ìgbín wí, "ohun tí yóò gbé omi gbọ́dọ̀ róbótó. Bó bá róbótó, omi á fi gbogbo ara tì í, kò ní mọ apá ibi tí yóò ṣubú sí. Èyí tó ti fì sápá kan yìí, omi á tì í lulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tún un mọ kí òjò tó dé."

Ajá ní, "Ìyá ti dàgbà. Ayé róbótó ti kọjá!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi Ajá joyè Olórí Amọ̀kòkò, wọ́n sì ní kí Ìyá Ìgbín lọ sinmi. Ó ká ìwo rẹ̀ kò, ó wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ, ó sunkún. Ó dùn ún pé wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ikú tó ń bọ̀ ló ń dùn ún jù.

Ìlú bá ya ìlú wíwọ́. Ohun tí ọba bá fẹ́ràn, ṣebí gbogbo èèyàn ló máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Ewúrẹ́ tẹ ẹnu agbọ̀n rẹ̀, oúnjẹ ń dà sílẹ̀, ó ní àṣà tuntun ni. Ẹ̀gà náà tú ilé rẹ̀ tó róbótó, ó hun èyí tó tẹ̀ bí àmù. Ẹyin mẹ́ta tó yé síbẹ̀ yí jáde: pọ̀, pọ̀, pọ̀. Ẹ̀gà kò kéde ìyẹn.

Ọjọ́ kẹta, òjò ṣú. Ó rọ̀ wàràwàrà. Gbogbo ìlú jáde, wọ́n ń jó nínú òjò. Kábíyèsí jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ajá ní tirẹ̀ ti rí i pé abẹ́ ọrùn àmù kò jò, gbì! ó ti ṣubú síbẹ̀, ó ń hanrun. Omi dé ìdajì. Àmù tẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Ẹ wò ó!" Kábíyèsí pàtẹ́wọ́. "Ó ń kí mi!"

Omi tún pọ̀ sí i. Àmù tún tẹ̀.

"O ṣé, o ṣé. Ó ti tó báyìí. Dìde."

Àmù kò dìde.

"Mo ní dìde!"

Gbììì! Àmù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Omi tú jáde, Ajá wọlé. Ẹnu àmù dé e mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí a fi agbọ̀n dé adìẹ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àmù bá ń yí lọ, Ajá ń yí nínú rẹ̀. Torí pé apá kan rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò tiẹ̀ yí dáadáa: gbirigidi, kò! gbirigidi, kò! Nígbà tó bá ṣe gbirigidi, Ajá á pariwo. Nígbà tó bá ṣe kò, á gé ahọ́n jẹ. Ẹ bá mi gbè é o.

Ẹ gbà mí o, mò ń yí po —
— Gbirigidi, kò!
Mo jókòó tẹ́lẹ̀, mò ń yí po —
— Gbirigidi, kò!
Ìrìn ọjọ́ méje, mo ti rìn ín —
— Gbirigidi, kò!
Ó ti tó, ó ti tó —
— Gbirigidi, kò!

Àmù lọ kọlu àpáta, ó fọ́ túútúú. Ajá bọ́ sílẹ̀, ó dìde. Ojú rẹ̀ ń yí, orí rẹ̀ ń yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń yí. Ó ń yí po bìrí, bìrí, bìrí. Ó fẹ́ dúró, kò lè dúró. Ó ń ké pé, "Ẹ bá mi di ilẹ̀ mú! Ẹ bá mi di ilẹ̀ mú!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Omi ìlú ti wọlẹ̀ tán. Àwọn ìyá kó ọmọ wọn mọ́ra. Ẹnu Ẹ̀gà ti ṣófo báyìí, ó kúkú tú gbogbo àṣírí: bí Ajá ṣe jókòó, bí ó ṣe ń dọ́gbọ́n orin, bí iyán ṣe rí lẹ́nu. Erin fi ìbínú kùn. "Ẹ lé e jáde! Kó lọ bá ọyẹ́ gbé nínú igbó!"

Ajá ń sunkún, ó ń yí po. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. N kò nílé mìíràn. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀." Ó ṣe mí láàánú, bó ti wù kó burú tó. Kò sóhun tó dà bíi kí gbogbo ilé kẹ̀yìn síni.

Wọ́n ń pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì, kí Ìyá Ìgbín tó yọ. Ìgbà tí àmù ṣubú ló ti gbéra nílé. Ó dé àárín wọn, ó mí, ó ní, "Bí ẹ bá lé e tán, ṣé lílé tí ẹ lé e yẹn ni ẹ ó bù mu?"

Ó na ìwo rẹ̀ méjèèjì sí ojú ọ̀run.

"Mò ń bọ̀ lóru, mo wo òkè. Òṣùpá ta agbo yí ara rẹ̀ ká. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, òjò kan ṣì kù. Kò ní pẹ́ dé, ẹnì méjì kò sì lè mọ àmù tán kó tó dé. Gbogbo wa ni a ó yí i po."

Kábíyèsí ní, "Èmi náà?"

"Kábíyèsí, ẹ tẹ ẹsẹ̀ yín mọ́ ilẹ̀ kí n wò ó." Erin tẹ ẹsẹ̀: dìì! Ojú ẹsẹ̀ náà róbótó, ó mọ́ lórí ilẹ̀ tútù. "Ẹ fi ẹsẹ̀ mẹ́rin pààrọ̀ títí yóò fi fẹ̀. Inú ẹ̀ ni ìdí àmù yóò jókòó sí."

Ojú ti Kábíyèsí. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Àmù àkọ́kọ́ yẹn, kò fi ara gbá mi. Èmi ni mo fọ́ ọ. Ìdí ló ń yún mi."

Gbogbo ìlú dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "A mọ̀!"

Ìyá Ìgbín wá kọjú sí Ajá tó ṣì ń yí po. "Èyí tí ẹ fẹ́ lé yìí, ṣé kò lè dúró mọ́?"

"Kò lè dúró, Ìyá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé amọ̀ lé e léjìká. Òun ni yóò ṣíwájú."

Ẹ wo iṣẹ́ o! Ajá ń yí po, kò lè yà, kò lè jókòó. Ewúrẹ́ tẹ̀ lé e, Ẹ̀gà ń já ewé bọ̀, Kábíyèsí ń fi ọwọ́jà pọn omi sí amọ̀. Ìyá Ìgbín ń rọra yí ìdí rẹ̀ po. Wọ́n kọ orin ọjọ́ kìíní. Ẹ gbè é kó dún dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ojúlé kejì.

Yí i po, yí i po, amọ̀kòkò —
— Róbótó!
Má jókòó sójú kan, amọ̀kòkò —
— Róbótó!
Ọba yí po, agbo ò lórí —
— Róbótó!
Ajá yí po, agbo ò nídìí —
— Róbótó!
Ẹni bá yí po ni yóò mu —
— Róbótó, àmù mi, róbótó!

Wọ́n mọ ọ́n tán, wọ́n sun ún. Nígbà tí wọ́n gbọ́n eérú kúrò, àmù róbótó débi pé o kò lè mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, òjò dé. Omi dé ìdajì, àmù dúró. Omi dé ọrùn, àmù dúró. Omi kún dẹ́múdẹ́mú. Ìyá Ìgbín ni wọ́n kọ́kọ́ bu omi fún, ó mu ún, ojú rẹ̀ kún fún ẹkún ayọ̀. Ọyẹ́ dé, ó fẹ́ títí, ó lọ, ó fi Ìyá Ìgbín sílẹ̀ láàyè.

Ajá ńkọ́? Ìgbà tí òjò dá, orí rẹ̀ náà dá. Ó yán, ó fẹ́ ṣubú lulẹ̀ gbì bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá Ìgbín ní, "Dúró ńbẹ̀. N kò ní jẹ́ kí wọ́n lé ọ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kí o tó fara kanlẹ̀, wàá yí ibùsùn rẹ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o lè máa rántí."

"Ìyá, bó bá rẹ̀ mí ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Ajá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí kò bá sí ẹni tó ń wò mí ńkọ́?"

Ìyá Ìgbín ní, "Ọmọ mi, ìgbà yẹn gan-an ni."

Ibi tí mo ti bu àlọ́ mi ni mo dà á padà sí o. Bí mo bá purọ́, kí gbogbo ìkòkò tí mo mọ láyé mi máa jò. Ohun tó kọ́ wa ni pé iṣẹ́ tí a gbà láti fi ẹsẹ̀ ṣe, kí a má fi ẹnu ṣe é. Ẹ̀tàn tí a ṣe níbi tí ojú kò tó, yíyí ni yóò yí po, ẹnu ọ̀nà ẹni tó ṣe é ni yóò padà sí. Ẹ sì má fi èké jẹ oúnjẹ òṣìṣẹ́, pàápàá bí omi ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà nínú iṣẹ́ náà.

Kíkẹ́lọmọ, bu àgbàdo wá. Ó dọ̀tún dọ̀tún, kí ó yí agbo po, kí ó kan gbogbo yín. Ṣé ẹ ní irọ́ ni? Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ wo Tanímọ̀la. Oorun ti ń kùn ún, ó ti dìde. Ẹ bá mi kà á.

Ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Gbì!